Ọkọ̀ Bàbá Mi àti Òkè Mẹ́fà Àárín Omi

Ojú mi méjèèjì yìí ló rí gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ. Kò sẹ́ni tó rò ó fún mi. Mi ò kà á nínú ìwé, nítorí ìwé kẹrin ni mo ti fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Mi ò sì gbọ́ ọ lórí fóònù bí àwọn ọmọ àná tó ń fi ohùn ránṣẹ́ kiri pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ìdílé kan ti ni àwọn òkè àárín omi ọ̀hún. Irọ́ ni. Mo wà níbẹ̀. Ọwọ́ mi ló di àjẹ̀ mú, orí mi ló ru iṣu. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, inú ń bí mi, mi ò sì ní tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nítorí ìyẹn.

Òórùn ló máa ń kọ́kọ́ dé bá mi bí mo bá rántí. Kòkó tútù tí a ti pa, tí a kó sínú ọkọ̀, tí a da ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò, tó ti ń gbóná lábẹ́lẹ̀, òórùn rẹ̀ kan bí ẹmu àná. Àárọ̀ kùtùkùtù. Kùrukùru ò jẹ́ ká rí ju gígùn ọkọ̀ lọ. Bàbá mi dúró lẹ́yìn, ó ń fi ọ̀pá gún ìsàlẹ̀ omi. Èmi jókòó síwájú pẹ̀lú igbá, mo ń gbọ́n omi dànù. Ìdí ọkọ̀ ń fara ha orí igi kòkó àwọn ẹlòmíràn tó ti kú sábẹ́ omi: kàrà, kàrà. Ìró yẹn ni mo fi mọ ọ̀nà. Bó bá ti dún lẹ́ẹ̀mẹta, mo mọ̀ pé a ti fẹ́ gúnlẹ̀.

Ẹ ó bi mí pé kí ni Èkìtì ní í ṣe pẹ̀lú ọkọ̀ ojú omi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Láàárín Ìṣẹ́ àti Emùré ni bàbá bàbá mi dá oko kòkó sí, nínú àfonífojì kan tí odò kékeré tí à ń pè ní Ẹlẹ́ja là kọjá. Apá ọ̀tún odò náà, tó jẹ́ kìkì òkè, tiwa ni. Apá òsì, tó tẹ́ pẹrẹsẹ, ti ìdílé kan ní àdúgbò kejì ni. Odò ni ààlà, wọ́n sì gbin pèrègún sí etí rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ má baà wà lẹ́yìn ọ̀la. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta, ìjọba sé odò náà. Omi kún. Ó gbé ààlà mì, ó gbé pèrègún mì, ó gbé apá òsì mì pátápátá, ó sì gbé gbogbo ìsàlẹ̀ tiwa náà mì. Ohun tó ṣẹ́kù ni orí òkè mẹ́fà tó yọ ṣóńṣó láàárín omi. Kòkó àti obì wa wà lórí wọn, wọ́n ń so bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé ń pe irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní erékùṣù. Òkè là ń pè é nílé wa.

Gbogbo ará oko yòókù palẹ̀ mọ́. Àwọn kan lọ dá oko tuntun ní Ògòtún, àwọn kan gba Èkó lọ. Bàbá mi ò lọ. Ó ní, “Omi kì í gun òkè, ènìyàn ló ń gun òkè.” Ó mú àáké, ó gé ìrókò kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ọkọ̀.

Ẹ rántí pé ọmọ orí òkè ni wá. Kò sẹ́ni tó gbẹ́ ọkọ̀ rí nínú ìran wa. Bàbá mi gbẹ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ odó, ìdí rẹ̀ nípọn, inú rẹ̀ rí roboto. Oṣù mẹ́ta ló fi wà lẹ́nu rẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń wá wò ó bí ìran. Ẹnìkan nínú wọn ní, “Bàbá Bánkọ́lé, odó yìí mà tóbi jù fún uyán ulé yín o.” Bàbá mi ò gbójú sókè. Ó ní, “Lọ gbé ọmọ odó tó bá a mu wá, ká jọ gún un.” Nígbà tó parí rẹ̀, ó fi ọ̀dà búlúù tó ṣẹ́ kù nígbà tí wọ́n kun fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì kùn ún. Ọ̀dà náà tán kó tó dé ìdí, torí náà búlúù ni iwájú ọkọ̀ wa, ẹ̀yìn rẹ̀ wà bí Ọlọ́run ṣe dá igi. Ó máa ń fì sápá òsì. Apá ọ̀tún ni mo máa ń jókòó sí láti fi gbè é. Ẹ rẹ́rìn-ín bí ẹ bá fẹ́. Kò rì lọ́jọ́ kan, tiwa sì ni. A ò yá a lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ Sátidé, bí a bá ti jẹun tán, ó di orí omi. Nígbà ìkórè kòkó, a lè máà délé fún ọjọ́ mẹ́ta, à ń lọ láti òkè dé òkè. Òkè Ọsàn ló sún mọ́ etídò jù. Ti Obì tẹ̀ lé e. Orí Òkè Ìyá ni wọ́n sin ìyá bàbá mi sí kí omi tó dé, bí a bá sì ti gúnlẹ̀ síbẹ̀, bàbá mi á ṣí fìlà. Èyí tó jìnnà jù là ń pè ní Ìdágbé. Bí a bá tukọ̀ láti àárọ̀, oòrùn á ti dé àtàrí kí a tó rí i. Kò sí ariwo kankan níbẹ̀ àfi ti ẹyẹ. Igi gbígbẹ dúró nínú omi yíká rẹ̀, lékèélékèé bà lé wọn lórí ní funfun, ẹja ń fò. Èmi ọmọ ọdún mẹ́jọ á dúró sí iwájú ọkọ̀, màá kó ọwọ́ sẹ́yìn bí ọba, màá ní nínú ara mi pé kò sí ọmọ kan ní gbogbo Ìṣẹ́ tó ní ohun tí mo ní. Mi ò sì purọ́.

Ọ̀bọ ni omi ká mọ́ orí òkè kan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Wọn ò jẹ́ wọnú omi, wọn ò sì ríbi lọ, ni wọ́n bá ń jẹ kòkó wa. Mo ní kí bàbá mi wá ìbọn. Ó ní kí n fi ìlà igi kan sílẹ̀ fún wọn. “Omi ló sọ wọ́n di àgbàtọ́ wa. A kì í gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀bọ.” Irú ènìyàn tí bàbá mi jẹ́ nìyẹn. Ó lawọ́ jù. Àlejò ọkùnrin tó jẹ gbogbo rẹ̀ mọ́ wa lọ́wọ́, ìlawọ́ yẹn ló fi rí ọ̀nà wọlé.

Ní ilé ẹ̀kọ́, tíṣà wa ní kí a ya ohun tí a fi ń rìnrìn àjò. Àwọn ẹgbẹ́ mi ya bọ́ọ̀sì, wọ́n ya kẹ̀kẹ́. Mo ya ọkọ̀ wa, mo kùn ún ní búlúù dé ìdajì. Tíṣà ní kò sí ọkọ̀ ojú omi ní Èkìtì. Mo ní, “Tiwa wà, sà. Ẹ wá lọ́jọ́ Sátidé, mo lè gbé yín.” Ó nà mí lẹ́gba mẹ́fà nítorí àríyànjiyàn. Ìyá mi, tí kò jẹ́ fi ẹsẹ̀ kan inú ọkọ̀ náà láyé, fi òrí pa ẹ̀yìn mi, ó sì ń sọ ohun tó máa ń sọ: “Ẹnu rẹ yìí, Bánkọ́lé, ó ń sáré ju ẹsẹ̀ rẹ lọ. Ẹyin lohùn o. Bó bá bọ́, ìwọ kọ́ ni yóò kó o.”

Ọdún yẹn náà ni Bọ̀dá Dípọ̀ dé. Ọmọ ìdílé tó ni apá òsì odò ni, ìdílé tí omi gbé ilẹ̀ wọn. Èkó ló ń gbé, ó ti rí ṣe níbẹ̀. À ń sá kòkó lórí Òkè Ọsàn ni a gbọ́ ìró kan lórí omi, wọ̀ọ̀ọ̀, bí ẹni pé ẹ̀rọ ìlọta ń léfòó bọ̀. Ọkọ̀ funfun kan ni, ẹ́ńjìnnì wà nídìí rẹ̀. Wọ́n ti gbé e wá lórí ọkọ̀ akẹ́rù láti Èkó. Bọ̀dá Dípọ̀ ló ń wà á, ó dé fìlà funfun, ó sì kó àlejò mẹ́rin lẹ́yìn pẹ̀lú àga ìká-pọ̀ àti kúlà tí wọ́n fi yìnyín kún. Wọ́n ní àwọn wá gbafẹ́ láàárín àwọn òkè ni.

Bàbá mi kí wọn dáadáa. Ó ní, “Ẹ káàbọ̀. Ẹ jókòó síbi tó bá wù yín, àfi Òkè Ìyá, ibojì wà níbẹ̀.” Ó ká ọsàn fún wọn. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò náà wo ọkọ̀ wa tó wà létí omi, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Dípọ̀, kí lèyí? Ṣé wọ́n fẹ́ gúnyán fún ẹja ni?” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín, nítorí àlejò ni wọ́n. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo lọ dúró ti ọkọ̀ wa.

Bọ̀dá Dípọ̀ rí ojú mi. Ó pè mí, ó fún mi ní bísíkíìtì, ó sì gbé mi sí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ funfun náà. Ó fi mí yí Òkè Ọsàn ká lẹ́ẹ̀kan. Òkè tí àwa máa ń tukọ̀ yí ká títí apá á fi ro wá, a yí i ká kí n tó jẹ bísíkíìtì kan tán. Ó ní, “Ìwọ ni ọ̀gá àwọn òkè yìí, àbí?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọjọ́ náà ló rà mí.

Ọdọọdún ló ń wá, nígbà tí iṣu tuntun bá ti jáde. Bàbá mi, tí kì í jẹ́ kí àlejò lọ lọ́wọ́ òfo, á ní kí n mú iṣu mẹ́jọ nínú iṣu tí a gbìn sórí Òkè Ọsàn, kí n rù ú lọ bá wọn létí omi. Òun á wà lókè nídìí kòkó. Níbí yìí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Ẹni tó bá ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ máa ń gbé ìṣákọ́lẹ̀ fún un lọ́dọọdún, kó lè hàn pé kì í ṣe òun ló nilẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa nígbà náà, iṣu ìṣákọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ lórí. Odidi ni wọ́n ń gbé e. Orí iṣu ni irúgbìn, ẹni tó bá gbé e fún ọ ń sọ pé ohun tí yóò tún hù lórí ilẹ̀ yìí, tìrẹ ni. Ṣùgbọ́n iṣu tí a fi ta àlejò lọ́rẹ, wọ́n á gé orí rẹ̀ kúrò kó tó jáde lóko. Onílẹ̀ ló ń tọ́jú orí iṣu. Mo mọ èyí báyìí. Nígbà náà, kò sẹ́ni tó jókòó tì mí ṣàlàyé rẹ̀. Gbogbo ohun tí bàbá mi ń wí ni, “Gé e lórí o. Orí uṣu kì í jáde nílẹ̀ ẹni.” Mo rò pé ọ̀rọ̀ ahun ni. Mo rò pé nítorí kí èbù lè pọ̀ ni.

Iṣu tí a gé lórí sì kúrú. Mo wò ó, mo rántí àwọn tó fi ọkọ̀ wa ṣẹ̀fẹ̀, mo ní rárá, wọn ò ní fi iṣu wa náà rẹ́rìn-ín. Mo mú àwọn tó tóbi jù. Mo rù wọ́n lódidi, pẹ̀lú orí wọn, pẹ̀lú irùngbọ̀n gbòǹgbò lára wọn. Mo dọ̀bálẹ̀ fún Bọ̀dá Dípọ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ mi, mo ní, “Bàbá mi ní kí n gbé e fún yín, sà.” Ó wo iṣu náà. Ó wò ó pẹ́. Ọmọ àgbẹ̀ lòun náà, ó mọ ohun tó ń wò. Ó ní, “Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.” Ó kó wọn sínú ọkọ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo ṣe bẹ́ẹ̀, bàbá mi ò sì mọ̀, nítorí ta ló ń ka orí iṣu nínú oko?

Ní ọdún kẹrin, kò wá pẹ̀lú àlejò. Àwọn òṣìṣẹ́ ló kó wá, pẹ̀lú okùn àti èèkàn. Wọ́n ń kan èèkàn mọ́lẹ̀ lórí Òkè Ọsàn. Bàbá mi bi í pé kí ló ń kọ́.

Ó ní, “Ilé ìgbafẹ́ ni, Bàbá.”

“Lórí ilẹ̀ ta?”

“Lórí ilẹ̀ bàbá mi. Ilẹ̀ tí ẹ̀ ń san ìṣákọ́lẹ̀ rẹ̀ fún mi.”

Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó rò pé àwàdà ni. Nígbà tó rí i pé Bọ̀dá Dípọ̀ ò rẹ́rìn-ín, ó fa èèkàn kan tu, ó jù ú sómi. Ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n pè wá sí ojúde olórí àdúgbò.

Àgbà mẹ́sàn-án ló jókòó lábẹ́ páànù. Mo kà wọ́n. Bàbá mi sọ tiẹ̀: odò ni ààlà, pèrègún wà níbẹ̀. Wọ́n ní kó mú wọn dé ibi tí pèrègún wà. Ó ní ó wà lábẹ́ omi. Wọ́n ní kó pe ẹni tó gbìn ín. Ó ní wọ́n ti kú. Bọ̀dá Dípọ̀ dìde, ó fi sùúrù sọ̀rọ̀. Ó ní òkè àti ilẹ̀ títẹ́ ló jẹ́ ti bàbá òun, wọ́n kàn yá bàbá bàbá mi ní òkè ni. “Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin bàbá mi, kí ló dé tó ń gbé uṣu tuntun fún mi lọ́dọọdún?”

Bàbá mi ní, “Àlejò ló jẹ́ fún mi. Mo gé orí wọn.”

“Ta ló rí i?” olórí àdúgbò bèèrè.

“Ọmọ mi ló rù ú. Òun náà nìyí. Ẹ bi í. Ọmọ tí mo bí kì í purọ́.”

Ó yangàn bó ṣe sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, èmi náà yangàn. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí, ẹ̀wù ṣọ́ọ̀ṣì ni mo wọ̀, gbogbo àgbà ìlú ń wò mí. Mo jáde síwájú láìwẹ̀yìn.

Olórí àdúgbò ní, “Sún mọ́ ibí, ọmọ mi. Má bẹ̀rù. Uṣu tí o rù lọ fún bọ̀dá yìí, mélòó ni?”

“Mẹ́jọ ni, sà. Mẹ́jọ-mẹ́jọ, ọdún mẹ́ta.”

“Wọ́n tóbi bí?”

Mo na apá mi méjèèjì. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá àgbàlagbà kan tó jókòó nígun ní, “Ọmọ, eléyìí uṣu ni àbí òpó ulé?”

Ó dùn mí. Mo ní, “Wọ́n tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ, sà. Èmi ni mo ṣà wọ́n. Kò sí irú wọn ní Ìṣẹ́.”

“O ṣeun. Ṣé wọ́n lórí àbí wọn ò lórí?”

Mi ò wo bàbá mi. Ká ní mo wò ó ni. Mo ti gbàgbé pé ó ní kí n gé e, àbí mi ò gbàgbé, mo kàn fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe iṣu yẹpẹrẹ. Mo ní, “Wọ́n lórí, sà. Odidi ni. Mi ò gé ọ̀kankan. Uṣu tí wọ́n bá ti gé lórí, ọmọdé ló ń rù ú.”

Wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́. Bàbá tó wà nígun yẹn yọ fìlà, ó fi bo orúnkún. Olórí àdúgbò tún bi mí lẹ́ẹ̀kejì, ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó fẹ́ kí n rí ọ̀nà gbà. “Ó dá ọ lójú?” Mo ní ó dá mi lójú. Ojú mi ló rí i. Ọwọ́ mi ló gbé e. Nígbà náà ni mo yíjú padà. Bàbá mi ò wo àwọn àgbà, kò wo Bọ̀dá Dípọ̀. Èmi ló ń wò, ojú tó fi wò mí kì í ṣe ti ìbínú. Bí ẹni tí wọ́n jí láti ojú oorun ló rí.

Wọ́n dájọ́ kí oòrùn tó mú. Bó bá fẹ́ máa lo òkè, kó máa gbé ìṣákọ́lẹ̀ lọ bí tàtẹ̀yìnwá. Bí kò bá fẹ́, kó kó ẹrù rẹ̀. Bàbá mi ní òun ò lè san ìṣákọ́lẹ̀ lórí ibojì ìyá òun. Ó dìde, ó kí wọn, ó lọ. Bọ̀dá Dípọ̀ fọwọ́ kàn mí lórí, ó ní, “Ọmọ gidi,” ó sì na bísíkíìtì kan sí mi. Mo gbà á. Ẹ má bi mí ìdí rẹ̀.

Ẹ gbọ́, àwọn kan wà tó máa ní ọmọdé ni, kò mọ̀. Mi ò fẹ́ irú ìkẹ́dùn bẹ́ẹ̀. Ẹni tí mo ń bínú sí pọ̀. Mo ń bínú sí ọkùnrin tó jẹ iṣu ọdún mẹ́ta láìyọ orí rẹ̀ dá padà, nígbà tó mọ̀ dájú pé ọmọ ló ṣì í. Ẹni tó bá ní ẹ̀rí ọkàn á rẹ́rìn-ín, á ní, “Bánkọ́lé, lọ gé e, kí o kó orí rẹ̀ fún bàbá rẹ.” Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Mo ń bínú sí àgbà mẹ́sàn-án tó mọ pé bàbá mi kì í ṣe àtọ̀húnrìnwá, tí wọ́n ti jẹ obì orí òkè yẹn nílé wa, tó jẹ́ ẹnu ọmọ ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi dá ẹjọ́ ilẹ̀. Mo sì ń bínú sí ọmọ náà. Bàbá mi kì í yé sọ ọ́ pé bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi ti ọmọ jẹ́ ẹ. Iṣẹ́ ọmọ ni wọ́n rán èmi, mo lọ fi ti ẹrú jẹ́ ẹ, mo tún ń yangàn.

Bàbá mi ò nà mí. Mo dúró de ẹgba láti ojúde dé ilé, kò dé. Ó ń lọ níwájú, mo ń tẹ̀ lé e. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà, mo ní, “Bàbá, ẹ má bínú.” Ó ní, “Òótọ́ lo sọ.” Kò tún sọ nǹkan mìíràn nípa rẹ̀ títí ó fi kú. Ká ní ó nà mí ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá ti tán.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó pe àwọn ọkùnrin kan, wọ́n wọ́ ọkọ̀ wa wá sílé. Ó mú àáké tó fi gbẹ́ ẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í là á. Ìyá mi ní, “Bàbá Bánkọ́lé, ẹ jẹ́ ká tà á.” Ó ní, “Ọkọ̀ tí kò níbi tó ń lọ, ugi ìdáná ni.” Odidi ọ̀sẹ̀ méje ni ìyá mi fi ń fi í dáná. Ìdí rẹ̀ nípọn, kò tètè jó. Iwájú tí a kùn, bí iná bá ti kàn án, ọ̀dà rẹ̀ á máa rùn sínú ọbẹ̀. A jẹ ẹ́. 

Kòkó ti lọ, ilé ẹ̀kọ́ náà lọ. Wọ́n mú mi lọ sí Ìkẹ́rẹ́, mo kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà. Lónìí, ẹni tó bá gba ìsàlẹ̀ àpáta Ìkẹ́rẹ́ kọjá, ilé mẹ́rìndínlógún ló máa rí níbẹ̀ tó jẹ́ ọwọ́ èmi Bánkọ́lé ni wọ́n ti jáde. Kò sí èyí tó ya lára nínú wọn. Àwọn ẹnjiníà tó lọ sí yunifásítì ń pè mí wá wo ìpìlẹ̀ kí wọ́n tó da kọnkéré. Mi ò yangàn, bó ṣe rí ni mo sọ ọ́.

Lọ́dún tó kọjá, oníbàárà mi kan tó ti òkè òkun dé, tí mo kọ́lé fún, ní òun fẹ́ gbé mi jáde láti fi dúpẹ́. Mi ò bèèrè ibi tí à ń lọ. Ìgbà tí mo rí omi níwájú ni mo mọ̀. Àwọn ọmọ Bọ̀dá Dípọ̀ ló ń darí ibẹ̀ báyìí. Ọkọ̀ funfun mẹ́rin ló wà níbẹ̀, orin ń dún nínú wọn, wọ́n sì fún àwọn òkè ní orúkọ òyìnbó, wọ́n kọ ọ́ sára pákó. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ wa fi ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn tí kì í jẹ́ kéèyàn rì dè mí láyà. Ó ní, “Bàbá, ẹ jókòó jẹ́jẹ́ o. Ó jọ pé ẹ ò mọ omi.”

Mo ní, “Odò Ẹlẹ́ja ń kọjá lábẹ́ ibi tí a wà yìí.”

Ó ní, “Odò wo, Bàbá? Omi náà nìyí.” Oníbàárà mi rẹ́rìn-ín.

A gúnlẹ̀ sí Òkè Ọsàn. Ọsàn ti kú, síméńtì ló wà níbẹ̀. Òkè Ìyá ni a lọ lẹ́yìn náà. Wọ́n to àga sórí ibojì, obìnrin kan jókòó sórí ọ̀kan, ó ń ya ara rẹ̀ ní fọ́tò. Igi kòkó kan ṣoṣo ló kù níbẹ̀, ó so. Mo na ọwọ́ sí i. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ti ọ̀gá wa ni.”

Mo yọ ọwọ́ mi. Ọmọ ọdún mọ́kànlá dúró níwájú àgbà mẹ́sàn-án, ó sọ òótọ́ tí kò yẹ kó sọ láìdúró mí. Àgbàlagbà ọdún méjìléláàádọ́ta dúró níwájú ọmọ kan ṣoṣo, òótọ́ tó yẹ kó sọ wà lẹ́nu rẹ̀, kò rí i sọ. Mo padà sínú ọkọ̀. Mo jókòó jẹ́jẹ́, bó ṣe wí. Ọmọ ọdún mọ́kànlá yẹn ni mo ti ń sá fún láti ìgbà náà, ẹnu rẹ̀ ni mo sì ń wá kiri báyìí. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀, èmi tí ìwé mi ò tó nǹkan, kí ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tó mọ odò náà kó tó di omi lè jẹ́ mi lẹ́rìí.

Ohun tó sọnù nìwọ̀nyí: òkè mẹ́fà, igi kòkó irínwó ó lé méjìlá, obì mọ́kànlá, ahéré méjì, ibojì kan, ọkọ̀ kan, àti ọdún mẹ́rìnlá tí bàbá mi tún lò láyé lẹ́yìn rẹ̀ láìdé etí omi.